Ohun Tí Màmá Ìsàlẹ̀ Mọ̀ Nípa Ìfun

Ìfun ewúrẹ́ náà wà lẹ́nu ẹ̀rọ omi, omi sì ń wọ inú rẹ̀ lọ. Ó kọ́kọ́ dùbúlẹ̀ nínú síńkì bí okùn tó ti gbó, lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í wú, ó ń ká, ó ń nà, títí gbogbo síńkì fi kún fún nǹkan funfun tó ń yí ara rẹ̀ po. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà. Mo dúró lórí bọ́kẹ́ẹ̀tì tí wọ́n dojú rẹ̀ dé. Fèrèsé ṣí sílẹ̀ gbayawu, òtútù oṣù kejì ń wọlé, síbẹ̀ òórùn náà ò lọ: òórùn koríko tó ti kan, òórùn ẹ̀jẹ̀, òórùn ọsàn wẹ́wẹ́ tí wọ́n là sínú abọ́ iyọ̀.

"Di ẹnu rẹ̀ mú," ni Màmá Ìsàlẹ̀ wí. "Má fún un pa. Omi gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà kọjá."

Mo dì í mú bí wọ́n ṣe wí. Ó ń yọ̀ lọ́wọ́ mi. Ní ẹnu kejì, ohun tí ewúrẹ́ náà jẹ kẹ́yìn ń bọ́ sínú abọ́. Àwọ̀ rẹ̀ kọ́kọ́ dà bí ti ewé tí wọ́n gún, ó wá ń fẹ́lẹ́ sí i, nígbà tó yá omi lásán ló ń jáde. Màmá Ìsàlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n wo omi náà dáadáa, wọ́n mi orí, wọ́n sì ti ẹ̀rọ pa.

Mi ò mọ orúkọ àbísọ wọn títí mo fi lé ní ọmọ ogún ọdún, mi ò sì ní kọ ọ́ síbí. Gbogbo wa ní ilé kàǹsù yẹn, ilé alájà tí ìjọba ìbílẹ̀ London fi ń gba ayálégbé, ló ń pè wọ́n ní Màmá Ìsàlẹ̀, nítorí ìsàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n ń gbé pẹ̀lú ọmọ wọn obìnrin, tí èmi ń pè ní Aunty. Àjà kẹta ni èmi àti ìyá mi wà. Ìyá mi ń tọ́jú àwọn arúgbó láti ilé dé ilé, shift wọn kì í sì í bá àkókò ilé-ìwé mu. Tí ilé-ìwé bá ti parí, ọ̀dọ̀ Màmá Ìsàlẹ̀ ni mo máa ń lọ. Ní Sátidé, ọ̀dọ̀ wọn ni mo máa ń wà láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Àwa ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ń lọ sí mọ́sáláṣí, kò sì sí ẹni tó kà á sí.

Lówùúrọ̀ Sátidé, a máa ń gba Rye Lane, òpópó ọjà àdúgbò wa, lọ sọ́dọ̀ alápatà. Yìnyín orí ẹja á ti máa yọ́ sílẹ̀ pópó, àwọn tó ń ta fóònù á ti tan orin, àwọn èrò á sì máa fi èjìká gbá orí mi. Màmá Ìsàlẹ̀ kì í yára. Wọ́n ga, wọ́n sì rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, wọ́n máa ń wọ kóòtù ọkùnrin lé ìró, wọ́n á sì so ìbòrí wọn mọ́ abẹ́ àgbọ̀n dáadáa. Alápatà náà jẹ́ ará Afghanistan kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti ń funfun. Kò gbọ́ Yorùbá, Màmá Ìsàlẹ̀ náà ò sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó ju "good morning" àti "no, the other one" lọ. Ìka ni wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Mo rántí ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ọkùnrin náà gbé ìfun jáde láti ẹ̀yìn. Màmá Ìsàlẹ̀ gbà á, wọ́n fà á gba àárín ìka wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ lọ, bí ẹni ń ka tẹ̀súbáà. Nígbà tí wọ́n dé ibì kan, wọ́n dúró.

"Bi í pé níbo ni ìyókù wà," ni wọ́n sọ fún mi. "Ibi tó parí sí kọ́ nìyí."

Mo bi í lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ọkùnrin náà wò wọ́n, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní apá kan wà ní ìparí ìfun kékeré tí ìjọba ò jẹ́ kí wọ́n tà nílẹ̀ yìí, pé ibi tí wọ́n ti ń pa á ni wọ́n ti máa ń gé e dànù. Ó ní láti ìgbà tí òun ti ń tà á, kò tí ì sí ẹni tó mọ̀ pé nǹkan kan sọnù. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún wọn.

"Sọ fún un pé èmi mọ̀," ni wọ́n wí.

Odò ẹran ní Ìbàdàn ni wọ́n ti kọ́ ọ. Ọkùnrin ló ń pa ẹran níbẹ̀, àwọn obìnrin ló ń gba inú rẹ̀. Ìyá ọkọ wọn ló fi iṣẹ́ náà lé wọn lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilé ọkọ, wọ́n sì ṣe é títí Aunty fi ránṣẹ́ pè wọ́n wá sí London. Wọ́n sọ fún mi pé bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pa màlúù, tí wọ́n da ìfun rẹ̀ sínú agbada, ìfun náà á ṣì máa rìn. Á máa sún, á máa fún ara rẹ̀, bí ẹni pé oúnjẹ ṣì ń bọ̀.

"Kò tí ì gbọ́ pé ẹran ti kú," ni wọ́n wí. Wọn ò rẹ́rìn-ín. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe máa ń sọ nǹkan, bí ẹni ń ka ohun tó wà lójú ìwé.

Lẹ́yìn tí a bá ti fọ gbogbo rẹ̀ tán, wọ́n máa ń tẹ́ ike sílẹ̀ kíṣìnnì, wọ́n á to inú ewúrẹ́ náà sórí rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ bí ó ṣe wà nínú ẹran. Èmi á jókòó tì í, wọ́n á máa fi ọ̀bẹ kékeré tọ́ka sí i.

"Ibí ni ewúrẹ́ ń kó koríko sí." Àpò ńlá nìyẹn, tí ara rẹ̀ rí bí táwẹ́ẹ̀lì, tí a ń pè ní ṣàkì. "Kò tí ì jẹun o. Ó kàn kó o sílé ni. Ibẹ̀ ni koríko ti ń kan. Tó bá wá ráyè, á dùbúlẹ̀ síbì kan, á pọ̀ ọ́ padà sẹ́nu, á wá rọra máa rún un."

Èkejì ní ihò wẹ́wẹ́ bí afárá oyin. Ẹ̀kẹta ní ewé lórí ewé. "Bí ewé Kùránì," ni wọ́n wí lọ́jọ́ kan, lójú ẹsẹ̀ wọ́n tọrọ ìdáríjì lọ́wọ́ Ọlọ́run, wọ́n ní, "bí ewé ìwé." Ẹ̀kẹrin ni ikùn gan-an, níbi tí omi kíkan ti ń yọ́ oúnjẹ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìfun kékeré, tó gùn ju gbogbo wọn lọ, tí ọ̀rá tín-ín-rín so pọ̀ bí àwọ̀n kó má baà ta kókó. Lẹ́yìn ìyẹn ni àpò kan tí ó ní ẹnu àmọ́ tí kò ní ẹ̀yìn, oúnjẹ tó bá wọ ibẹ̀ gbọ́dọ̀ padà gba ibi tó bá wọlé jáde. Lẹ́yìn náà ni ìfun ńlá, tí ti ewúrẹ́ ká roboto bí ẹní tí wọ́n ká. Ibẹ̀ ni ara ti ń fa omi kúrò nínú ìyókù, tí ìgbẹ́ fi ń di kóro kóro.

Lọ́jọ́ kan wọ́n mú igi ìgbálẹ̀ kan, wọ́n fi yí ìfun kékeré padà kí inú rẹ̀ lè di òde.

"Fi ìka rá a. Kín ló jọ?"

Mo fi ìka rá a. Ó rọ̀ múlọ́múlọ́, ó sì dà bí ẹni pé ó ní irun kéékèèké. Mo ní ó jọ aṣọ àga tó wà nílé wa.

"Aṣọ àrán ni. Ohun tí àrán yìí bá fà mu á di ẹ̀jẹ̀. Ohun tí kò bá fà mu á máa bá ọ̀nà lọ."

A na ìfun náà láti kíṣìnnì gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ dé ẹnu ilẹ̀kùn àbáwọlé. Ó lọ, ó bọ̀, ó tún lọ. Mo bi wọ́n bóyá tèmi náà gùn tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní tèmi ò ní ju kí ó dé ẹnu ilẹ̀kùn lọ, nítorí mi ò jẹ koríko. A rí kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ kan láti ojú fèrèsé lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn kan náà, tó ń tú àpò ìdọ̀tí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Màmá Ìsàlẹ̀ wò ó títí tó fi rí eegun adìẹ kan gbé. "Ti ìyẹn kúrú," ni wọ́n wí. "Ẹran ò le í dà. Koríko ló ń gba àkókò."

Kí wọ́n tó kó ìfun sínú ìkòkò, wọ́n máa ń pa ojú dé, wọ́n á fà á gba àárín ìka wọn lẹ́ẹ̀kan sí i. Ní odò ẹran, ìfun tó bá ní kókó tàbí ibi tó le, wọn kì í tà á. Wọ́n ní ìka ló ń rí i, ojú máa ń fò ó.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni nǹkan yí padà. Mo ti pé ọmọ ọdún mẹ́wàá. A ò lọ sọ́dọ̀ alápatà mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Màmá Ìsàlẹ̀ á wọ ilé ìgbẹ́, wọn ò ní jáde bọ̀rọ̀. Mo máa ń jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣe iṣẹ́ ilé-ìwé mi, mo sì ń gbọ́ ẹ̀rọ tó ń fa afẹ́fẹ́ jáde níbẹ̀, tó ń kùn, tó ń kùn. Kóòtù wọn bẹ̀rẹ̀ sí í tóbi jù wọ́n. Ní Sunday, tí mo bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé ọ̀dọ̀ wọn, àwọn obìnrin ẹgbẹ́ àsálátù mọ́sáláṣí á kan ilẹ̀kùn, Màmá Ìsàlẹ̀ á ní kí n sọ pé ara àwọn ò yá. Ìgò àgbo kan wà lẹ́yìn fìríìjì tí wọ́n rà ní Rye Lane, àwọ̀ rẹ̀ dà bíi tíì tó ti pẹ́ jù.

Lọ́jọ́ kan mo wọ ilé ìgbẹ́ lẹ́yìn wọn, mo rí ẹ̀jẹ̀ lára ìjókòó rẹ̀. Kò pọ̀. Mo jáde, mo sọ fún wọn.

"Jẹ̀díjẹ̀dí ni," ni wọ́n wí. Wọ́n mú pépà, wọ́n wọlé lọ nù ún. "Má sọ fún Aunty."

Mi ò sọ. Aunty fúnra wọn ló rí i lọ́sẹ̀ díẹ̀ sí i. Wọ́n mú Màmá lọ sọ́dọ̀ GP, dókítà àdúgbò, GP kọ̀wé sí ilé ìwòsàn, wọ́n ṣe oríṣiríṣi àyẹ̀wò. Ọjọ́ tí wọ́n ní kí wọ́n wá gbọ́ èsì bọ́ sí half-term, ìsinmi àárín sáà ilé-ìwé. Ìyá mi wà lẹ́nu iṣẹ́, kò sì sẹ́ni tí wọ́n lè fi mí tì, torí náà àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la jọ lọ.

Dókítà náà jẹ́ obìnrin òyìnbó kan tó ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó béèrè bóyá a nílò ògbufọ̀. Aunty ní rárá, pé àwọn á túmọ̀ fún ìyá àwọn. Dókítà mú ìwé kan, ó ya ìfun sí i. Mo na ọrùn wò ó. Ó ya ìfun kékeré bí òwú tó lọ́ pọ̀, ó wá fi ìfun ńlá yí i ká bí férémù àwòrán. Ó ya àmì kan sí ìsàlẹ̀ pátápátá. Ó ń sọ̀rọ̀, ó ń dúró kí Aunty lè túmọ̀, Aunty ò sì tíì sọ nǹkan kan. Ó pe cancer. Mo mọ ọ̀rọ̀ náà, ó máa ń wà nínú ìpolówó lára bọ́ọ̀sì. Ó ṣàlàyé ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe, ó sì fi bírò fa ìlà kan láti inú ìfun ńlá wá sí òde ikùn.

"Kín ló wí?" ni Màmá Ìsàlẹ̀ bi Aunty.

"Ó ní egbò ni, Màmá. Wọ́n máa yọ ọ́. Kò tó nǹkan."

"Tí wọ́n bá gé e, ṣé wọ́n á so ẹnu méjèèjì pọ̀?"

Aunty wo ọwọ́ ara wọn. "Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Wọ́n á so ó pọ̀."

Mo ti ronú sí i lọ́pọ̀ ìgbà láti ìgbà náà, mi ò sì rò pé ìgboyà ló mú mi sọ̀rọ̀. Ohun tó wà lórí ìwé yẹn ni ohun tí mo mọ̀ jù láyé nígbà náà, wọ́n sì ń sọ ọ́ lódì níṣojú ẹni tó fi kọ́ mi.

"Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ló wí," ni mo sọ.

"Keep quiet," ni Aunty wí.

"Jẹ́ kó sọ̀rọ̀," ni Màmá Ìsàlẹ̀ wí. Wọ́n yí àga wọn sọ́dọ̀ mi díẹ̀. "Kín ló wí?"

"Ó ní cancer ni. Ó ní ó wà níbi tí ìfun ńlá parí sí, ní ibi tí ìgbẹ́ ti fẹ́ jáde. Ó ní àwọn máa gé ibẹ̀ kúrò, àwọn máa rán ẹ̀yìn pa, àwọn á wá fa ẹnu ìfun jáde síbí." Mo gbé ọwọ́ lé ikùn ara mi lápá òsì. "Ẹ óò wá máa fi àpò gba ìgbẹ́. Ó ní títí láé ni."

Dókítà ń wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan, ó bi Aunty ohun tí mo sọ. Màmá Ìsàlẹ̀ fa ìwé náà sọ́dọ̀ ara wọn. Wọ́n fi àtàǹpàkò tọ ìlà náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọ́n sì dúró níbi àmì yẹn.

"Bi í pé ìka mélòó ló wà láàárín nǹkan yìí àti ẹnu ọ̀nà ìgbẹ́."

Mo bi í. Dókítà yíjú sí Màmá Ìsàlẹ̀. Ó na ìka méjì sókè.

"Òótọ́ ló ń sọ," ni Màmá wí. "Kò sí ibi tí wọ́n fẹ́ so ó mọ́." Wọ́n yíjú sí Aunty. "Mo ti fi ìka kàn án fúnra mi láti bí oṣù mẹ́ta. Ó le. Ṣé o rò pé mi ò mọ ohun tó le?"

Aunty bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Dókítà ti páálí pépà ìnujú sọ́dọ̀ wọn. Màmá Ìsàlẹ̀ ká ìwé náà, wọ́n fi sínú báàgì wọn, wọ́n dìde.

"Sọ fún un pé a dúpẹ́," ni wọ́n wí fún mi. "Sọ fún un pé mi ò ṣe."

Nígbà tí ìyá mi gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, inú bí wọn gan-an. Wọ́n ní ta ló fi mí ṣe ògbufọ̀, wọ́n ní ọmọ tó bá ń já àgbà nírọ́ níwájú òyìnbó, kí ni yóò dà. Wọ́n ní n kò gbọdọ̀ lọ sísàlẹ̀ mọ́. Obìnrin kan ní àjà kejì ló ń mú mi dání láti ilé-ìwé lẹ́yìn náà. Tẹlifíṣọ̀n la máa ń wò níbẹ̀. Tí a bá kọjá níwájú ilẹ̀kùn Màmá Ìsàlẹ̀, mo máa ń gbọ́ ẹ̀rọ ilé ìgbẹ́ wọn tó ń kùn. Tí mo bá rí Aunty lọ́nà, wọ́n á wo ibòmíràn.

Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ẹnì kan tó kan ilẹ̀kùn wa ní ìrọ̀lẹ́ Friday kan. Màmá Ìsàlẹ̀ ni. Lift ti bàjẹ́, àtẹ̀gùn ni wọ́n gùn wá. Wọ́n jókòó, wọ́n mí fún ìgbà pípẹ́, wọn ò sì gba omi.

"Ìyá ọmọ yìí," ni wọ́n wí, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá a jà mọ́."

Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ gbọ́ tí wọ́n fi "ẹ" bá ìyá mi sọ̀rọ̀. Ìyá mi kúnlẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

"Ó sọ ohun tó ń ṣe mí fún mi. Ọmọ tèmi ò lè sọ ọ́, mi ò sì bínú sí i, ìfẹ́ ni. Àmọ́ ara mi ni. Ẹ jẹ́ kó máa wá."

Wọ́n wá sọ ohun tó mú wọn kọ iṣẹ́ abẹ náà. Ikú ò já wọn láyà. Ìrun ni. Wọ́n ní ẹni tí ìgbẹ́ ń jáde láti ara rẹ̀ nígbà tí kò mọ̀, àlùwàlá wo ló fẹ́ ṣe tí kò ní bàjẹ́? Wọ́n ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n lọ bá àlùfáà ní mọ́sáláṣí lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Ọmọdékùnrin ni wọ́n pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ní ìyàwó àti ọmọ. Wọ́n sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láìfi ibì kankan pamọ́.

"Kò lè gbé ojú sókè," ni wọ́n wí. "Mo ní kó wò mí. Mo ní ìfun ni mò ń sọ, òun náà ní in."

Àlùfáà náà ní ẹni tí kò lè dá a dúró, kí ó ṣe àlùwàlá tuntun nígbà tí àkókò ìrun kọ̀ọ̀kan bá tó, kí ó sì kírun rẹ̀, ohun tó bá jáde lẹ́yìn náà kò sí lọ́rùn rẹ̀. Ó ní Ọlọ́run ò béèrè ju agbára ẹni lọ. Màmá Ìsàlẹ̀ ní wọ́n bi í lẹ́ẹ̀mejì, ohun kan náà ló sì sọ.

"Ó dáa," ni wọ́n wí. Wọ́n wò mí. "Ní Monday, tí o bá ti ilé-ìwé dé, kí o wá sísàlẹ̀, kí Aunty fi fóònù pe ilé ìwòsàn, kí ìwọ náà máa gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ."

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà kí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tó dé. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n lò níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n padà sílé, wọ́n tín-ín-rín, wọn ò sì lè jókòó dáadáa, ẹ̀gbẹ́ kan ni wọ́n máa ń fi jókòó lórí tìmùtìmù. Mo lọ kí wọn. Aunty ṣí ilẹ̀kùn fún mi. Wọn ò rẹ́rìn-ín sí mi, àmọ́ wọ́n gba báàgì ilé-ìwé mi lọ́wọ́ mi.

Màmá Ìsàlẹ̀ bi mí bóyá mo fẹ́ rí i. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n rọra ṣí àpò náà kúrò. Ó pupa, ó tutù, ó ń dán bí inú ètè, kò ju ẹyọ owó ńlá kan lọ. Mo ti rò pé màá bẹ̀rù.

"Ṣé ó ń dùn yín?"

"Rárá. Tí o bá fọwọ́ kàn án, mi ò ní mọ̀. Wò ó dáadáa."

Mo wò ó. Ó sún mọ́ra díẹ̀, ó tún tú.

"Ó ń rìn," ni mo sọ.

"Ó ń rìn," ni wọ́n wí. Wọ́n nu etí rẹ̀ pẹ̀lú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, wọ́n wọn ihò àpò tuntun, wọ́n gé e, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara. Nọ́ọ̀sì tó wá kọ́ wọn sọ fún Aunty pé ẹ̀ẹ̀kan péré lòun ṣe é níṣojú wọn.

Aunty ló pẹ́ kó tó mọ́ wọn lára. Ní ìrọ̀lẹ́ kan tí mo wà níbẹ̀, Màmá Ìsàlẹ̀ pè wọ́n wọ iyàrá, wọ́n ní ọjọ́ tí ara ò bá gbé àwọn mọ́, ta ló fẹ́ pààrọ̀ àpò náà. Mo ń gbọ́ ohùn wọn láti ọ̀dẹ̀dẹ̀. Aunty ní, "Màmá, mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ fún yín lọ́jọ́ yẹn ni." Màmá ní, "Mo mọ̀. Mú ọṣẹ wá." Lẹ́yìn náà mo gbọ́ tí omi ń dà.

Màmá Ìsàlẹ̀ padà sí àsálátù nígbà tí ilé-ìwé wọlé. Ìyá mi jẹ́ kí n tẹ̀ lé wọn. Ilé ìtajà kan ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, wọ́n ti tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì sí i láti ògiri dé ògiri. Ìyá kan ń ṣe wáàsí nígbà tí inú Màmá Ìsàlẹ̀ dún. Ó dún gan-an, ó sì pẹ́. Obìnrin mẹ́ta bojú wẹ̀yìn. Ẹni tó ń wáàsí dákẹ́.

"Ìfun mi ni," ni Màmá Ìsàlẹ̀ wí. "Ẹ máa bá tiyín lọ."

Ó bá tirẹ̀ lọ. Lẹ́yìn àdúrà, ìyá kan tí mi ò mọ̀ rí wá jókòó tì wọ́n ní kọ̀rọ̀, ó ń sọ nǹkan fún wọn ní ohùn ìsàlẹ̀, ó sì ń gbé ọwọ́ lé ikùn rẹ̀. Wọ́n gbọ́ ọ parí. Mo gbọ́ tí wọ́n ní kí ó lọ rí dókítà ní Monday, kó má ra àgbo.

Wọ́n lò tó ọdún mẹ́jọ sí i ní London. A tún ń lọ sọ́dọ̀ alápatà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, àmọ́ èmi ni mo ń gbé ẹrù. Mo wọ ilé-ìwé gíga, mi ò sì fi bẹ́ẹ̀ lọ sísàlẹ̀ mọ́. Nígbà tó yá, wọ́n ní àwọn fẹ́ padà sílé. Aunty di páálí àpò kún àpótí méjì fún wọn, tí ẹnì kan bá sì ń lọ sí Ìbàdàn, a máa ń fi sí i lọ́wọ́. Wọ́n kú sójú oorun ní ilé ara wọn. Fóònù la fi gbọ́. Ẹni tó pè wá ní ìrun ìdájí ni wọ́n ṣe kẹ́yìn.

Mi ò di dókítà, mi ò di nọ́ọ̀sì. Ọ́fíìsì tó ń bójú tó ilé kàǹsù ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Àwọn èèyàn máa ń wá bá mi nípa ọ̀rinrin ara ògiri, nípa ẹ̀rọ tó bàjẹ́, mo sì ti ṣàkíyèsí pé wọ́n máa ń pẹ́ kí wọ́n tó sọ ohun tó mú wọn wá gan-an. Mo máa ń dúró dè wọ́n. Yorùbá mi náà ti ń já sílẹ̀. Mi ò mọ oríkì mi dópin, tí àwọn àgbà bá ń pa òwe mo máa ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn tí gbogbo èèyàn bá ti rẹ́rìn-ín tán. Àmọ́ ọ̀rọ̀ ara, bí wọ́n ṣe ń béèrè rẹ̀ àti bí wọ́n ṣe ń dá a lóhùn, kì í há mi lẹ́nu ní èdè kankan. Mo rò pé ìyẹn ni mo gbà lọ́wọ́ wọn.

Ní ọdún tó kọjá, mo lọ kí ìyá mi ní Sunday kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Mo rí àpò ìwé kan lórí fìríìjì, lábẹ́ àwo. Èyí tí ìjọba máa ń fi ránṣẹ́ sí àwọn àgbàlagbà ni, kí wọ́n mú díẹ̀ nínú ìgbẹ́ wọn kí wọ́n sì fi ránṣẹ́ padà fún àyẹ̀wò. Ó ti wà níbẹ̀ láti bí oṣù mẹ́rin. Wọ́n ní kí n fi sílẹ̀, pé àwọn máa ṣe é, pé nǹkan ìtìjú ni. Wọ́n ń wo tẹlifíṣọ̀n.

Mo jókòó tì wọ́n. Mo bi wọ́n bóyá wọ́n ń rí ẹ̀jẹ̀. Mo bi wọ́n àwọ̀ rẹ̀, bóyá ó dúdú tàbí ó pupa, bóyá ó pọ̀ mọ́ ìgbẹ́ ni tàbí ó wà lára pépà nìkan, àti ìgbà tó bẹ̀rẹ̀. Mo bi wọ́n ní ohùn tí màá fi bi wọ́n bóyá òjò rọ̀ lánàá. Ìyá mi mú rìmóòtù, wọ́n dín ohùn tẹlifíṣọ̀n kù, wọ́n sì sọ ọ́ fún mi.